Gáḿbíà Gbé Myanmar Lọ Sílé Ẹjọ́

Gáḿbíà kò ní ọmọ ogun tó lè dẹ́rù ba Myanmar, síbẹ̀ òun ló pè é lẹ́jọ́ ní Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ní The Hague lóṣù kọkànlá ọdún 2019, pé ó ń pa ẹ̀yà Rohingya, tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí nílẹ̀ rẹ̀, run. Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fádìẹ. Ìwé àdéhùn ni ohun ìjà orílẹ̀-èdè kékeré: Myanmar náà fọwọ́ sí àdéhùn ọdún 1948 tó ka irú ìwà bẹ́ẹ̀ léèwọ̀. Myanmar ní àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí ló ń lo Gáḿbíà. Lóòótọ́ ni àjọ náà wà lẹ́yìn rẹ̀ (ta ni kì í wá alátìlẹ́yìn?), ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ kò ka ìyẹn sí àbùkù. Lóṣù keje ọdún 2022, adájọ́ 15 nínú 16 gbà pé Gáḿbíà lẹ́tọ̀ọ́ láti pẹjọ́.