Ọmọ Yín Fẹ́ Di Dókítà Ojú? Ẹ Yẹ Èsì Rẹ̀ Wò Kí Ẹ Tó Náwó!

Bí ọmọ bá gba 240 nínú ìdánwò JAMB, kíá ni ìyá rẹ̀ á ti máa jó káàkiri ọjà pé ọmọ òun ti di dókítà ojú. Ẹ rọra ná, ẹ̀yin ìyá wa. 240 dára, àmọ́ òun nìkan kọ́ ni wọ́n ń wò.

Optometry lorúkọ iṣẹ́ tí à ń wí yìí. Kì í ṣe dókítà tó ń fi abẹ ṣí ojú, kì í sì í ṣe ẹni tó kàn ń ta awò. Àwọn ló ń yẹ ojú wò, tí wọ́n ń mọ irú awò tó bá a mu, tí wọ́n sì ń tètè rí àìsàn tó lè fọ́ni lójú. Ọdún 6 gbáko ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Wọ́n ń kọ́ ọ ní Yunifásítì Benin, wọ́n sì ń kọ́ ọ ní Ilorin.

Èsì WAEC tàbí NECO ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè. Kírẹ́díìtì 5 ni wọ́n ń fẹ́: Gẹ̀ẹ́sì, mátíìsì, báyọ́lọ́jì, kẹ́mísìrì àti físíìsì. A1 dé C6 ni kírẹ́díìtì o! Ọmọ tó ní A1 nínú Yorùbá àti Bíbélì, tó wá ní D7 nínú físíìsì, kò tíì dé ẹnu ọ̀nà. Kó lọ tún un ṣe ná.

Ó tún kan JAMB. Iṣẹ́ 4 ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan 100, àròpọ̀ 400. Bó bá yọ físíìsì, tó fi ẹkọnọ́míìsì dípò, kódà kó gba 320, òfo ni fún kọ́ọ̀sì yìí.

Yunifásítì Benin sábà máa ń fi 200 sí ẹnu ọ̀nà. Ẹ mú un bí owó géètì: ẹ ti wọlé, ẹ kò tíì ríjòókòó. Ààyè kò tó nǹkan, láti òkè ni wọ́n sì ti ń mú ọmọ wálẹ̀. Yunifásítì tún máa ń yẹ àwọn ọmọ wò fúnra wọn. Ẹni tó ní 240 tó múra sí ìyẹn lè borí ẹni tó ní 260 tó fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ìpínlẹ̀ tí ọmọ ti wá náà wà níbẹ̀, pàápàá nílé ìwé ìjọba àpapọ̀.

Àwọn tó ń sọ pé “Màmá, ẹ mówó wá, mo mèèyàn níbẹ̀” ń kọ́? Láti 2017 ni JAMB ti ń fi ètò orí kọ̀ǹpútà kan, CAPS, ṣe ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé. Bí orúkọ ọmọ kò bá sí níbẹ̀, lẹ́tà yòówù tí wọ́n bá gbé fún yín, ìwé ìdì àkàrà ni. Orí CAPS kan náà ló ti lè rí i pé kọ́ọ̀sì mìíràn ni wọ́n fún òun. Kó má tẹ̀ ẹ́ pé òun gbà á, àfi tí ẹ bá ti jọ sọ ọ́ nílé.

Ìyá tàbí bàbá tí ọmọ rẹ̀ ti gba ibẹ̀ kọjá, ẹ kọ lẹ́tà sí wa. Ẹ sọ iye tó gbà, ẹ sì sọ ẹ̀ẹ̀melòó ló jókòó ìdánwò kó tó wọlé.