Eré Táǹkì Nínú Ìwé àti Lójú Ogun

Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, díẹ̀ ló kù kí èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan jà nítorí táǹkì kékeré tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Eré ogun orí tábìlì ni à ń ṣe. Nínú ìwé *Little Wars* tí H. G. Wells kọ ní 1913, ẹsẹ̀ bàtà kan ni ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ máa ń rìn bí ó bá kàn án; ẹlẹ́ṣin máa ń rìn méjì. Ti táǹkì ńkọ́?

Ọ̀rẹ́ mi ní Sherman lè sáré kìlómítà 40 ní wákàtí kan. Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: mítà 667 ni ní ìṣẹ́jú kan. Bí sẹ̀ǹtímítà kan bá dúró fún mítà 10, tí ìgbà kọ̀ọ̀kan sì dúró fún ìṣẹ́jú kan, táǹkì yóò sún sẹ̀ǹtímítà 67; ẹlẹ́sẹ̀ yóò sún 8 péré. Nígbà tí ó bá fi kàn án lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti la tábìlì ẹlẹ́sẹ̀ bàtà mẹ́fà já!

Mo kọ̀ jálẹ̀. Ojú ọ̀nà tó dán, níbi tí ìbọn kò ti dún, ni ìwé ń sọ. Ẹ wo ogun Arnhem ní ilẹ̀ Holland. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹsàn-án, 1944, àwọn táǹkì Gẹ̀ẹ́sì gbéra láti ẹnu ibodè Belgium lọ sí afárá Arnhem, nǹkan bíi kìlómítà 100. Wákàtí méjì àbọ̀ ni ìṣírò ìwé. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà, àwọn ará Jámánì lúgọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ti fọ́ afárá Son. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ dé! Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n tó gba afárá Nijmegen, Arnhem ṣì wà níwájú. Àwọn ọmọ ogun tí wọ́n fi pàráṣúùtì sọ̀ sílẹ̀, tí wọ́n ń di ẹnu afárá Arnhem mú, retí títí. Ọwọ́ ọ̀tá tẹ̀ wọ́n kí táǹkì kankan tó dé.

Nítorí náà, òfin tí mo dábàá nìyí. Lójú títì tí kò sí ọ̀tá, kí táǹkì sún 67. Nínú pápá, kí ó sún 30. Bí ọ̀tá bá ti lè rí i, kí a ju dáìsì: 1 tàbí 2, kò gbọdọ̀ kúrò lójú kan, ó ń dúró de àṣẹ, 3 tàbí 4, kí ó sún 10, 5 tàbí 6, kí ó sún 20.

A dán an wò ní Sátidé tó kọjá. Táǹkì mi dé etí afárá, dáìsì sì fún mi ní 1 lẹ́ẹ̀mẹta léraléra. Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ mi tó wà lódì kejì kú tán lójú mi. Ọ̀rẹ́ mi ń fi mí rẹ́rìn-ín pé òfin tí mo fọwọ́ ara mi ṣe ló pa mí. Inú bí mi, àmọ́ n kò yí òfin náà padà.