Ìṣírò Iye Tàìlì tí Ó Yẹ ní Rírà fún Ilé Gbígbé: Àpẹẹrẹ láti Agbègbè FESTAC

1.0 Ìfáárà
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Òwe yìí bá iṣẹ́ títẹ́ tàìlì mu régí. Púpọ̀ nínú ilé tó wà ní FESTAC, ní ìjọba ìbílẹ̀ Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, ni ìjọba àpapọ̀ kọ́ nítorí àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú tó wáyé ní ọdún 1977. Ilé tó ti pẹ́ tó báyìí kò lè ṣàìnílò àtúnṣe, ilẹ̀ yàrá sì wà lára ohun tí a máa ń tún ṣe ní FESTAC àti ní Kuje.

Bí tàìlì kò bá tó, ìṣòro rẹ̀ ju owó ọkọ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì lọ. Tàìlì tí ilé-iṣẹ́ ṣe nígbà kan lè yàtọ̀ ní àwọ̀ àti ní ìwọ̀n sí èyí tí wọ́n ṣe nígbà mìíràn, bí orúkọ wọn tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Bí ó bá sì pọ̀ jù, owó ti wọlẹ̀.

2.0 Ìfẹ̀ Ilẹ̀
Ohun àkọ́kọ́ ni kí a fi téèpù wọn gígùn àti ìbú yàrá, kí a sì fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà ni a fi wọ̀n ọ́n, a ó kọ́kọ́ fi 0.3048 sọ iye kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ kí ó lè di mítà.

Ẹ jẹ́ kí a mú pálọ̀ tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 4.7, tí ìbú rẹ̀ sì jẹ́ mítà 3.5. Ìfẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 16.45 ní mítà onígun mẹ́rin. Bí tàìlì bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60 ní ìhà kọ̀ọ̀kan, tí 4 sì wà nínú páálí, páálí kan yóò bo 1.44. Tí a bá fi 1.44 pín 16.45, yóò jẹ́ 11.42, èyí ni páálí 12.

3.0 Ìdí fún Àfikún
Páálí 12 jẹ́ tàìlì 48. Ìlà 6 tó ní tàìlì 8 lọ́kọ̀ọ̀kan ni ilẹ̀ náà yóò gbà, ìyẹn 48 gẹ́lẹ́. Bí ẹyọ kan bá fọ́ lójú iṣẹ́, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Ìdí nìyí tí a fi ń fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kún ìfẹ̀ ilẹ̀. Ìfẹ̀ náà yóò di 18.095, ohun tí a ó rà yóò sì di páálí 13. Bí a bá fẹ́ tẹ́ ẹ ní ìdábùú, àfikún náà gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí gígé yóò pọ̀ sí i.

Ẹsẹ̀ ògiri ní ìṣírò tirẹ̀. Àyíká pálọ̀ yìí jẹ́ mítà 16.4, bí a bá yọ ẹnu ọ̀nà tó jẹ́ mítà 0.9 kúrò, ó ku 15.5. Bí a bá gé tàìlì kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà 5, yóò fún wa ní mítà 3. Tàìlì 6 ni a nílò, ìyẹn páálí 2. Àpapọ̀ rẹ̀ di páálí 15. Kí a tó sanwó, ó yẹ kí a rí i dájú pé nọ́ḿbà àwọ̀ tó wà lára gbogbo páálí náà bára mu.

4.0 Àgbálọgbábọ̀
Ó hàn gbangba pé ìṣírò ìfẹ̀ kì í ṣe ohun tó mọ sínú ìwé. Olùkọ́ tó bá fún akẹ́kọ̀ọ́ ní téèpù láti wọn ilẹ̀ kíláàsì, tó sì ní kó sọ iye páálí tí yóò tó o, ti fi ẹ̀kọ́ náà sí ibi tí ọmọ kò ti ní gbàgbé rẹ̀.