Bí Kọ̀ǹpáílà GCC Ṣe Ń Wá Àpò Fáìlì Header ti Ẹ̀rọ, àti Ọwọ́ tí Ó Fi Ń Mú Un

Nínú èdè C, fáìlì header ni òǹkọ̀wé ètò fi ń pe iṣẹ́ tí a ti ṣe sí ibòmíràn wọlé. Kọ̀ǹpáílà ni yóò wá fáìlì náà rí. Iṣẹ́ yìí ń ṣàlàyé bí GCC, tí ó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1987, ṣe ń wá a, àti bí ojú tí ó fi ń wo àpò kan ṣe yàtọ̀ sí ti òmíràn.

Ní Ọ̀tùn-Èkìtì, ẹjọ́ a máa ti inú ilé bẹ̀rẹ̀ kí ó tó dé ààfin. GCC náà ń ti ìtòsí lọ sí òkèèrè. Bí orúkọ fáìlì bá wà láàrin àmì " ", àpò tí fáìlì tí ó pè é wà ni ó ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí ó tó kan àwọn àpò tí àṣẹ -iquote dárúkọ. Bí ó bá wà láàrin àmì < >, kì í yà síbẹ̀ rárá. Lẹ́yìn èyí, ọ̀nà méjèèjì di ọ̀kan: àpò -I ni ó ṣáájú, ti -isystem tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni àwọn àpò ti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, bí /usr/local/include àti /usr/include lórí Linux, ti -idirafter ni ó kẹ́yìn. Fáìlì tí ó bá kọ́kọ́ rí ni ó ń mú.

Yàtọ̀ sí ti -iquote àti -I, gbogbo àwọn àpò wọ̀nyí ni GCC ń bọ̀wọ̀ fún bí àgbà. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìkìlọ̀ nípa àlébù inú wọn ni ó ń gbé mì, àyàfi bí ènìyàn bá fi -Wsystem-headers béèrè. Ìdí ni pé header ti ẹ̀rọ kò lè ṣàìyà kúrò lára òfin C nígbà mìíràn, ẹni tí ń lò ó kò sì ní agbára láti tún un ṣe.

Níbí ni ewu wà. Àwọn kan a máa fi -isystem dárúkọ àpò iṣẹ́ ọwọ́ ara wọn kí ìkìlọ̀ lè dákẹ́. Bí ó bá yẹ kí iṣẹ́ kan nínú irú header bẹ́ẹ̀ dá iye padà, tí òǹkọ̀wé sì gbàgbé, -Wall kò ní sọ nǹkan kan. Ìgbà tí ètò bá ń ṣiṣẹ́ ni àṣírí yóò tú. Bákan náà, láti GCC 6 ti ọdún 2016, -isystem /usr/include lè ba ètò C++ jẹ́: àpò tí ó wà lẹ́yìn ti C++ nìkan ni C++ ti ń wá stdlib.h ti ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n /usr/include ti bọ́ síwájú. GCC yóò ní òun kò rí fáìlì tí ó wà níbẹ̀.

Ní àkótán, iṣẹ́ ẹlòmíràn ni -isystem tọ́ sí. -I ni ti iṣẹ́ ẹni. Àṣẹ -v yóò sì fi ìtò àwọn àpò náà hàn fún ẹni tí ó bá ṣiyè méjì.