Ẹ Má Ṣe Pa Ọgbọ́n Inú Ọmọ Yín

Ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lórí ọmọdé tí ó ń fi ọgbọ́n inú ara rẹ̀ dá nǹkan tuntun ṣe.

Ọmọ fi agolo mílíìkì ṣe mọ́tò, ó gé sílípáàsì tó já, ó fi ṣe táyà. Kí làwa máa ń wí? “Dà á nù jàre, ìdọ̀tí ni!” Bí ó bá dá sí ọ̀rọ̀, a óò ní, “Ta ló bi ọ́?” Ṣé bẹ́ẹ̀ ni Ànábì ṣe?

Ó wà nínú hádíìsì Abu Dawud pé Ànábì rí ẹṣin kékeré kan láàárín ọmọ-láńgidi tí Nana Aisha fi ń ṣeré. Àkísà ni wọ́n fi ṣe ìyẹ́ méjì sí i lára. Ànábì bi í pé ṣé ẹṣin a máa ní ìyẹ́? Ó fèsì pé ṣé wọn kò gbọ́ pé ẹṣin Ànábì Sulaimọn ní ìyẹ́ ni? Ànábì kò bá a wí. Ẹ̀rín ni ó rín títí eyín rẹ̀ fi hàn.

Bukhari náà gbà á wá pé Ànábì bi àwọn Sàhábà nípa igi kan tí kì í wọ́wé, tí ó dà bí Mùsùlùmí. Àwọn àgbà ń ronú kan igi inú ijù. Abdullah ọmọ Umar, tí ó kéré láàárín wọn, ti mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé igi dàbínù ni, ṣùgbọ́n ojú tì í, ó dákẹ́. Nígbà tí ó sọ fún bàbá rẹ̀, Umar ní ì bá dùn mọ́ òun púpọ̀ ká ní ó sọ ọ́ jáde.

Ẹ gbọ́ o! Ọmọ tó mọ ìdáhùn ní kíláàsì tí kò lè nawọ́, ó lè jẹ́ pé ilé wa ló ti kọ́ ẹ̀rù. A kò ní kí ọmọ má bọ̀wọ̀ fún àgbà, a kò sì ní kí ó fi iná tàbí ọ̀bẹ ṣeré. Ṣùgbọ́n àṣìṣe kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹni tó ń kọ́ nǹkan.

Àwọn obìnrin Mẹ̀dínà a máa fi irun àgùntàn ṣe ohun ìṣeré fún ọmọ wọn tó ń gba ààwẹ̀ Áṣúrà, kí ebi má bàa pa wọ́n lẹ́kún. Ẹ̀yin náà, ẹ fún ọmọ tó ń dán ààwẹ̀ wò ní páálí, okùn àti amọ̀. Nígbà ìṣínu, ẹ bi í pé, “Báwo lo ṣe ṣe é?” Kí ẹ sì fetí sílẹ̀ dáadáa.

Kí Ọlọ́run fi àwọn ọmọ wa ṣe ìtutù ojú fún wa. Àmín.