Ìdádúró Lẹ́nu Ọ̀nà Wi-Fi

Bí 40 akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣí ẹ̀rọ wọn lẹ́ẹ̀kan náà nínú kíláàsì, àkókò ẹ̀kọ́ a máa lọ kí Wi-Fi tó gbà wọ́n wọlé. A sì máa ń di ẹ̀bi ru íntánẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà gan-an ni ìdádúró sábà máa ń wà.

Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní láti wá Wi-Fi láti ìkànnì dé ìkànnì. Lẹ́yìn ìfara-ẹni-hàn, wọn a pààrọ̀ ọ̀rọ̀ mẹ́rin lórí kọ́kọ́rọ́ ààbò, àti mẹ́rin mìíràn lórí àdírẹ́sì. Fún ẹ̀rọ kan, kò tó nǹkan. Fún 40 lórí ìkànnì kan ṣoṣo, ó di ariwo ọjà.

Ní 2016, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ IEEE fọwọ́ sí ìlànà 802.11ai, tí ó dín ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kù láìṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún olè. Ṣùgbọ́n tọ̀tún-tòsì ni ó gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Níbi tí kò bá sí, kí a pín àwọn ẹ̀rọ tí ń tan Wi-Fi sí ìkànnì 1, 6 àti 11, kí wọn má baà dí ara wọn lọ́wọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́ àwọn ọmọ wa ní iṣẹ́ inú ẹ̀rọ. Orílẹ̀-èdè tí ó kàn ń rà á lásán, ẹnu ọ̀nà ọlọ́nà ni yóò máa dúró sí.