Nígbà tí Májèlé Méjì Bá Pàdé Nínú Ara



1. Ìfáárà

Àwọn àgbà ní àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Ohun tí mo fẹ́ ṣe àlàyé rẹ̀ lónìí ni pé májèlé pẹ̀lú mọ àgbájọ. Èyí tí kò ní agbára púpọ̀ nígbà tí ó dá wà lè ba ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín jẹ́ nígbà tí ó bá bá òmíràn pàdé.

2. Iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín

Kíndìnrín ni asẹ́ ara. Nǹkan bíi lítà 180 omi ni ó ń sẹ́ láti inú ẹ̀jẹ̀ lójúmọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ju bíi lítà kan tàbí méjì tí ń di ìtọ̀. Nítorí náà, oró tí kò ki nínú ẹ̀jẹ̀ lè ki gidigidi níbẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ní tirẹ̀ ni ó ń yí ohun tí a jẹ tàbí tí a mí sínú padà. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ ohun tí ó gbà di májèlé.

3. Ẹ̀rí láti Amẹ́ríkà

Carbon tetrachloride jẹ́ ohun olómi tí a ti fi fọ aṣọ, tí a sì ti fi pa iná rí. Ní 1976, a tẹ ìròyìn kan jáde nípa òṣìṣẹ́ 43 ní ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń di isopropyl alcohol fún títà, irú ọtí tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń nu ara kí wọn tó gún ni ní abẹ́rẹ́. Carbon tetrachloride ṣèèṣì kan àwọn òṣìṣẹ́ náà. Àwọn 14 ṣàìsàn; ti àwọn mẹ́rin le tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀dọ̀ tàbí kíndìnrín wọn fi bàjẹ́.

Báwo ni ó ṣe rí bẹ́ẹ̀? Isopropyl alcohol a máa di acetone nínú ara. Acetone a sì máa mú kí èròjà kan pọ̀ sí i nínú ẹ̀dọ̀, èyí tí ń tú carbon tetrachloride ká. Èérún tí ó jáde láti inú títú yìí gan-an ni ó ń jẹ ẹran ẹ̀dọ̀ run. Ohun tí ọtí náà ṣe ni pé ó wá alágbẹ̀dẹ kún alágbẹ̀dẹ fún ẹni tí ń rọ idà.

4. Ẹ̀rí láti ara ẹran ọ̀sìn

Ní 2007, ajá àti ológbò kú ní Amẹ́ríkà àti Kánádà nítorí oúnjẹ tí melamine àti cyanuric acid wà nínú rẹ̀. Oró ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kéré. Nígbà tí wọ́n pàdé nínú kíndìnrín, wọ́n dì bí òkúta wẹ́wẹ́, wọ́n sì dí ọ̀nà ìtọ̀.

5. Ìkádìí

Òfin a máa sọ ìwọ̀n tí kò léwu fún májèlé kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ta ni ń mí májèlé kan ṣoṣo? Ẹ wo ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń kun ọkọ̀: ó ń mí èéfín ọ̀dà àti tíńnà lọ́sàn-án, ó sì ń mu ọtí lálẹ́, ọtí mímu lójoojúmọ́ pẹ̀lú a sì máa mú èròjà ẹ̀dọ̀ kan náà pọ̀ sí i. Bí a bá wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, a ó ní kò séwu, a ó sì rán an padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn oníṣègùn àti àwọn aṣòfin ni pé, bí wọ́n bá bi òṣìṣẹ́ léèrè ohun tí ó ń lò, kí wọ́n bi í pẹ̀lú ní ohun tí ó ń lò mọ́ ọn.